Bí a ṣe ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti fi àwòrán ojú méjì mọ èyí tó sún mọ́ àti èyí tó jìnnà

Tí ẹ bá ní àwòrán méjì, ọ̀kan láti ipò ojú òsì, èkejì láti ipò ojú ọ̀tún, ìṣirò tó máa sọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó kò ju ìlà kan lọ. Kí ẹ tó débi ìṣirò yẹn ni iṣẹ́ wà: àmì wo nínú àwòrán òsì ni ìbejì àmì wo nínú àwòrán ọ̀tún? Ọpọlọ wa ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí kí a tó ṣẹ́jú, a kì í tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní tiẹ̀ kò mọ nǹkan kan àfi ohun tí a bá fi lé e lọ́wọ́.

Ojú èèyàn méjèèjì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6.5 jìnnà síra. Ohun tó sún mọ́ wa máa ń bọ́ sí ipò tó yàtọ̀ gan-an nínú ojú méjèèjì, èyí tó jìnnà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀. Charles Wheatstone fi hàn ní ọdún 1838 ní Lọ́ńdọ̀nù pé ìyàtọ̀ yìí nìkan tó láti mú kí àwòrán pẹlẹbẹ méjì dà bí ohun tó dúró síta. Iye píksẹ́lì (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) tí nǹkan fi yẹ̀ láàárín àwòrán méjèèjì la ó máa pè ní ìyàtọ̀ ipò, a ó sì máa kọ ọ́ ní d. Inú ipò ti òsì ni kí ẹ ti yọ ipò ti ọ̀tún kúrò. Ohun tó wà ní òpó (ìlà píksẹ́lì tó dúró lóòró) 40 nínú àwòrán òsì, tó sì wà ní òpó 38 nínú ti ọ̀tún, d rẹ̀ jẹ́ 2. Bí d bá ṣe tóbi tó ni nǹkan ṣe sún mọ́ wa tó. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni kí èèyàn gbé òsì sí ipò ọ̀tún láìmọ̀. Gbogbo ohun tó yẹ kó yọ síta á wá di ihò.

Ẹ má fi fọ́tò bẹ̀rẹ̀

Bí ẹ bá fi fọ́tò bẹ̀rẹ̀, tí èsì rẹ̀ sì bàjẹ́, ẹ kò ní mọ̀ bóyá kámẹ́rà ló wọ́, bóyá lẹ́ńsì ló tẹ àwòrán, tàbí kóòdù yín ni kò dáa. Ẹ fi àwòrán tí ẹ fúnra yín ṣe bẹ̀rẹ̀, èyí tí ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dáhùn.

Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti wà látọjọ́ pípẹ́. Béla Julesz ló gbé e jáde ní 1960, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Ó ní kí kọ̀ǹpútà da àmì dúdú àti funfun sílẹ̀ láìní ètò kankan, bí ẹni ń ta owó ẹyọ sókè fún àmì kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ojú kejì, ó wá sún onígun mẹ́rin kan láàárín rẹ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fi ojú kan wò ó kò ní rí nǹkan ju rúdurùdu lọ. Ẹni tó bá fi ojú méjèèjì pa á pọ̀ á rí onígun mẹ́rin tó léfòó síwájú. Ẹ̀kọ́ ńlá ló wà níbẹ̀: ọpọlọ kò nílò láti kọ́kọ́ mọ ohun tó ń wò kó tó mọ bó ṣe jìnnà tó.

Python 3, tó jẹ́ èdè kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú NumPy àti SciPy, àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò rẹ̀, ti tó fún iṣẹ́ yìí. Láptọ́ọ̀pù lásán ló máa ṣe é.

```
import numpy as np
from scipy.ndimage import convolve

rng = np.random.default_rng(7)
N = 128
osi = rng.integers(0, 2, (N, N))
otun = osi.copy()
otun[40:88, 38:86] = osi[40:88, 40:88]
otun[40:88, 86:88] = rng.integers(0, 2, (48, 2))
```

Onígun mẹ́rin tó ní àmì 48 ní gígùn àti 48 ní fífẹ̀ ni a sún síhà òsì pẹ̀lú òpó 2 nínú àwòrán ọ̀tún, nítorí náà d rẹ̀ jẹ́ 2, ó sì sún mọ́ wa ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ìlà tó kẹ́yìn ṣe pàtàkì. Nígbà tí onígun mẹ́rin kúrò ní ipò rẹ̀, ó fi òpó méjì sílẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, tuntun la sì gbọ́dọ̀ fi dí i. Bí ẹ kò bá dí i, àmì àtijọ́ á ṣẹ́kù síbẹ̀, á sì di ajọra tó ń tan yín jẹ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé gan-an nìyẹn: ojú kọ̀ọ̀kan máa ń rí ìbú díẹ̀ lẹ́bàá nǹkan tí ojú kejì kò rí. Òpó 38 àti 39 nínú àwòrán òsì kò ní ìbejì kankan nínú ti ọ̀tún. Ẹ fi wọ́n sọ́kàn, wọ́n ń padà bọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí i, ẹ sọ àmì kọ̀ọ̀kan di píksẹ́lì 4 ní gígùn àti 4 ní fífẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú PNG. JPEG á da àmì náà pọ̀ mọ́ra. Ẹni tó máa yí ojú méjèèjì síhà imú láti wò ó gbọ́dọ̀ gbé àwòrán ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ihò ló máa rí.

Gbogbo ẹni tó jọra kọ́ ni ìbejì

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé dúdú àti funfun nìkan ló wà, ìdajì àmì tó wà lórí ìlà kan náà nínú àwòrán ọ̀tún ló jọ àmì yòówù tí ẹ bá mú nínú ti òsì. Ọ̀kan péré ni ìbejì rẹ̀, ajọra lásán ni ìyókù. Ẹ kọ́kọ́ kọ gbogbo wọn sílẹ̀, òtítọ́ àti irọ́, fún d láti -3 dé 3:

```
D = range(-3, 4)
C0 = np.zeros((7, N, N))
for k, d in enumerate(D):
    C0[k] = osi == np.roll(otun, d, axis=1)
print(C0.mean(axis=(1, 2)))
```

Ìpele méje nìyí, ọ̀kan fún d kọ̀ọ̀kan; sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àyè àmì kan nínú ìpele kan, jẹ́ 114,688 lápapọ̀. Ẹ má kọjá ibí láìwo àwọn nọ́ńbà tó jáde. Ìpele d = 0, tí ẹ̀yìn wà, gbọ́dọ̀ wà ní àyíká 0.93. Ìpele d = 2 gbọ́dọ̀ wà ní àyíká 0.57. Ìyókù gbọ́dọ̀ rọ̀ mọ́ 0.50. Bí 0.57 bá bọ́ sí ìpele d = -2, ẹ ti yí òsì àti ọ̀tún padà, ẹ tún un ṣe báyìí kó má bàa di wàhálà lọ́jọ́ iwájú.

Nọ́ńbà 0.57 àti 0.50 fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó: ajọra pọ̀ débi pé onígun mẹ́rin fẹ́rẹ̀ẹ́ rì sínú wọn. Ní 1976, David Marr àti Tomaso Poggio gbé ọ̀nà kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science tó fi òfin mẹ́ta ya ìbejì sọ́tọ̀ kúrò lára ajọra. Dúdú kò lè bá funfun ṣe ìbejì; èyí ti wà nínú C0. Àmì kan kò lè ní ju ìbejì kan lọ, nítorí pé ohun kan kò lè wà ní ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kẹta, àwọn aládùúgbò sábà máa ń jìnnà bákan náà, nítorí pé ojú nǹkan kì í ṣàdédé já àfi ní etí rẹ̀.

Báyìí ni òfin ṣe ń di ìṣirò. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń gba ìrànwọ́ lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò tó wà nínú ìpele kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ó sì ń gba ìdènà lọ́dọ̀ gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó ń bá a du àmì kan náà, yálà ní ojú òsì tàbí ní ojú ọ̀tún. Aládùúgbò rẹ̀ jẹ́ àwo róbótó tó ní sẹ́ẹ̀lì 13, òun fúnra rẹ̀ wà nínú wọn. Abánidu jẹ́ 12: mẹ́fà ní ojú òsì, mẹ́fà ní ojú ọ̀tún.

```
yy, xx = np.mgrid[-2:3, -2:3]
awo = (yy**2 + xx**2 <= 4).astype(float)

C = C0.copy()
for igba in range(10):
    apapo_osi = C.sum(axis=0)
    apapo_otun = sum(np.roll(C[k], -d, axis=1)
                     for k, d in enumerate(D))
    tuntun = np.zeros_like(C)
    for k, d in enumerate(D):
        iranwo = convolve(C[k], awo, mode='wrap')
        idena = (apapo_osi + np.roll(apapo_otun, d, axis=1)
                 - 2 * C[k])
        tuntun[k] = iranwo - 0.5 * idena + C0[k] > 7
    C = tuntun

ijinna = np.where(C.sum(0) > 0,
                  np.array(list(D))[C.argmax(0)], np.nan)
```

Ẹ jẹ́ ká mú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ká fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìdí tí a fi yan 0.5 (ìwọ̀n ìdènà) àti 7 (ààlà tí sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ kọjá kó tó tàn, ìyẹn kó tó jẹ́ 1). Sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ìbejì tòótọ́, tó wà láàárín onígun mẹ́rin, ní aládùúgbò 13 tó tàn pátápátá. Nínú abánidu rẹ̀ 12, nǹkan bíi 6 ló tàn nítorí àjọra. 13 dín 3, fi 1 kún un: 11. Ajọra tó tàn ní tirẹ̀ ní òun fúnra rẹ̀ àti ìdajì àwọn 12 tó kù, ìyẹn 7. Abánidu rẹ̀ tó tàn tó 7, nítorí pé ìbejì tòótọ́ méjì wà láàárín wọn, ọ̀kan ní ojú kọ̀ọ̀kan. 7 dín 3.5, fi 1 kún un: 4.5. Ààlà 7 bọ́ sáàárín 4.5 àti 11. Ajọra díẹ̀ máa là á já ní ìgbà àkọ́kọ́ nítorí pé orí bá wọn ṣe é, ṣùgbọ́n ní ìgbà kejì aládùúgbò wọn ti kú, ìbejì tòótọ́ sì ti dúró gbọn-in. Tí ẹ bá tún tẹ C.mean(axis=(1, 2)) jáde lẹ́yìn ìgbà 10, ẹ ó rí nǹkan bíi 0.85 fún d = 0, 0.14 fún d = 2, ìyókù á sún mọ́ òdo.

Ẹ lè fi ìṣirò yìí mọ ohun tó bàjẹ́ láìlo nǹkan mìíràn. Tí gbogbo ìpele bá ń tàn títí lọ, ààlà yín ti kéré jù; ní 3, ajọra á máa ran ajọra lọ́wọ́. Tí gbogbo rẹ̀ bá ṣókùnkùn lẹ́yìn ìgbà méjì, ààlà ti ga jù, bíi 12, tàbí kí ìdènà pọ̀ jù: ẹ fi 2 rọ́pò 0.5, 13 dín 12 fi 1 kún un á di 2, ìbejì àti ajọra á sì jọ kú. Tí onígun mẹ́rin bá jáde dáadáa lákọ̀ọ́kọ́, tí igun rẹ̀ sì ń jẹ lọ sínú bí ẹ ṣe ń fi ìgbà kún ìgbà, ẹ wo ìlà ìdènà: ẹ ti gbàgbé láti yọ 2 * C[k] kúrò, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sì ń dí ara rẹ̀ lọ́wọ́. Sẹ́ẹ̀lì kan péré ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yẹ kó lọ, kì í ṣe àléébù.

Etí ọwọ́ òsì onígun mẹ́rin máa rí jágajàga, kò sì sí nọ́ńbà tó máa tún un ṣe. Òpó 38 àti 39 nìyẹn, tí kò ní ìbejì. Ìpele d = 0 àti d = 2 á máa du wọn, èyí tí orí bá gbè á gbà wọ́n. Àwòṣe yìí kò mọ bí a ṣe ń sọ pé "ojú kan ṣoṣo ló rí èyí".

Ẹ dán an wò kó tó dé orí fọ́tò

Ẹ fi ìlà yìí sí iwájú ibi tí ẹ ti ń ṣírò C0, kí àmì 20 nínú 100 nínú àwòrán ọ̀tún yí padà:

```
otun ^= rng.random((N, N)) < 0.2
```

Onígun mẹ́rin á ṣì jáde. Ihò á wà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, aládùúgbò á sì dí púpọ̀ nínú wọn ní ìgbà kejì àti ìkẹta. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ràn àwòṣe tí sẹ́ẹ̀lì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ju èyí tó ń dá wá ìbejì níkọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ìlà yẹn kúrò, kí ẹ fi otun = 1 - otun sípò rẹ̀, kí gbogbo dúdú di funfun ní ojú kan. Onígun mẹ́rin kò ní jáde rárá. Ojú èèyàn náà kì í rí i bí àmì bá pọ̀ tó báyìí. Ṣùgbọ́n ní 1997, Bruce Cumming àti Andrew Parker fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kọ́kọ́ ń gba ìròyìn láti ojú nínú ọpọlọ ọ̀bọ ṣì ń dáhùn sí irú àwòrán bẹ́ẹ̀, tí ìdáhùn wọn kàn dojú kodò. Àwòṣe tó ṣàlàyé irú àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn dáadáa jù ni èyí tí Ohzawa, DeAngelis àti Freeman gbé jáde ní 1990. Ẹ fi àsẹ́ Gabor kan (ìgbì kúkurú tó ń rọlẹ̀ ní etí rẹ̀) sẹ́ àwòrán òsì, kí ẹ fi irú rẹ̀ kan náà, tí ẹ ti sún pẹ̀lú d, sẹ́ ti ọ̀tún. Ẹ ro èsì méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi àròpọ̀ náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú àsẹ́ kejì tó fi ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbì kan yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, kí ẹ wá ro nọ́ńbà méjèèjì pọ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe àwòṣe ọpọlọ gbọ́dọ̀ fi irú sẹ́ẹ̀lì yìí rọ́pò C0. Ẹni tó kàn fẹ́ wọn yàrá kò nílò rẹ̀.

Ó di orí fọ́tò

Ìlà ìṣirò tí a sọ níbẹ̀rẹ̀ nìyí: Z = f × B ÷ d. Z ni jíjìnnà, B ni àyè tó wà láàárín kámẹ́rà méjèèjì, f ni jíjìnnà láti lẹ́ńsì dé ibi tí àwòrán ti ń hàn nínú kámẹ́rà (focal length), tí a wọ̀n ní píksẹ́lì. Ká ní f jẹ́ 700, tí B sì jẹ́ mítà 0.065 bíi ti ojú wa, f × B jẹ́ 45.5. Ohun tó wà ní mítà 1 yẹ̀ ní píksẹ́lì 45.5, ní mítà 10, píksẹ́lì 4.55 péré. Bí ẹ bá fi píksẹ́lì kan ṣe àṣìṣe, sẹ̀ǹtímítà 2 ni ẹ ó fi ṣì í ní mítà 1, ṣùgbọ́n ó lé ní mítà 2 ní mítà 10. Bí nǹkan bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí i, àṣìṣe á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó fẹ́ wọn ohun tó jìnnà, kó fa kámẹ́rà jìnnà síra.

Ẹ ra kámẹ́rà USB méjì tó jẹ́ irú kan náà, kí ẹ fi ìdè kàn wọ́n mọ́ pákó kan tí kò lè tẹ̀. Ẹ pa ohun tó ń bá yín wá ìmọ́jú àwòrán fúnra rẹ̀ (autofocus), nítorí pé f ń yí padà nígbàkigbà tó bá ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ pátákó alápótí dúdú àti funfun, bíi ti ayò ṣẹ́ẹ̀sì, sórí bébà: àpótí 10 ní ìbú, 7 ní òró, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 25. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí, kó má baà ká. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí ẹ tẹ̀ ẹ́ tán: bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá sọ 25 di 24, tí ẹ sì sọ fún kọ̀ǹpútà pé 25 ni, gbogbo jíjìnnà yín á fi nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ṣì. OpenCV, àkójọ irinṣẹ́ kóòdù fún àwòrán, ń fẹ́ iye igun inú, kì í ṣe iye àpótí, nítorí náà 9 àti 6 ni ẹ ó kọ sínú findChessboardCorners. Ẹ ya àwòrán méjì-méjì 20 sí 30, kí pátákó dé gbogbo igun àwòrán, kó sì máa dagun. Ẹ lo stereoCalibrate (tó ń wọn kámẹ́rà méjèèjì), stereoRectify, lẹ́yìn náà remap (àwọn tó ń mú àwòrán méjèèjì bọ́ sórí ìlà kan náà). Bí àṣìṣe tí stereoCalibrate dá padà bá ju píksẹ́lì 0.5 lọ, ẹ wá fọ́tò tó ṣe bàìbàì, kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Kí ẹ tó lọ síwájú, ẹ fa ìlà gbọọrọ kọjá àwòrán méjèèjì: igun tábìlì kan náà gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan náà. Bó bá fi ju píksẹ́lì kan lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, kò sí ọ̀nà wíwá ìbejì tó máa gbà yín, nítorí pé orí ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá a.

Ìpele méje kò tó mọ́ níbí. Ẹ lo StereoSGBM inú OpenCV, tó wá láti inú ọ̀nà tí Heiko Hirschmüller ará Jámánì gbé jáde ní 2005. Òfin aládùúgbò kan náà ló wà nínú rẹ̀, ó kàn jẹ́ pé ó pín in sí méjì: P1 ni owó ìtanràn fún aládùúgbò tó fi píksẹ́lì kan yàtọ̀, P2 ni ti èyí tó fò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún fọ́tò aláìláwọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú blockSize 5, P1 200, P2 800, numDisparities 96 (iye d tó máa dán wò), uniquenessRatio 10 (bí ìbejì ṣe gbọ́dọ̀ ta abánidu rẹ̀ yọ tó). Nọ́ńbà 96 yẹn gbọ́dọ̀ ṣeé fi 16 pín. Pẹ̀lú kámẹ́rà tí a ṣírò lókè yìí, ohun tó bá sún mọ́ ju sẹ̀ǹtímítà 48 lọ kò ní jáde, òpó 96 àkọ́kọ́ ní ọwọ́ òsì á sì ṣófo. Ìlọ́po 16 ni d tó ń jáde: ẹ fi 16.0 pín in kí ẹ tó lò ó.

Ògiri funfun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn á di ihò, nítorí pé kò sí àmì lára rẹ̀ tó lè ní ìbejì. Ẹ lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé ó jáde lójú ẹsẹ̀. Irin ojú fèrèsé àti aṣọ tí bátànì rẹ̀ ń tún ara rẹ̀ sọ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ajọra ibẹ̀ jọ ìbejì tán pátápátá, kọ̀ǹpútà á sì fi ìgboyà gbé e sí ibi tí kò sí. Ẹ gbé uniquenessRatio lọ sí 15 kó lè dákẹ́ níbi tí kò bá dá a lójú. Omi àti dígí máa ń fi jíjìnnà ohun tó hàn nínú wọn dáhùn, kì í ṣe tiwọn. Ohun tó ń rìn náà á ṣì yín lọ́nà, torí pé kámẹ́rà USB méjì kì í ya àwòrán ní àkókò kan náà gan-an.

Ní ìparí, ẹ fa tépù. Ẹ gbé páálí tí àwòrán pọ̀ lára rẹ̀ sí mítà 1, 2 àti 3, kí ẹ kọ d tó jáde sílẹ̀. Bí f × B yín bá jẹ́ 45.5 bíi ti òkè yìí, ó yẹ kí ẹ rí 45.5, 22.75 àti 15.2. Bí gbogbo rẹ̀ bá fi ìdá kan náà yàtọ̀, B tàbí ìwọ̀n àpótí yín ni kò tọ́. Bó bá jẹ́ iye píksẹ́lì kan náà ni gbogbo wọn fi yàtọ̀, bíi 1.5 níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kámẹ́rà kan ti yí díẹ̀ lórí pákó: ẹ mú ìdè rẹ̀ le, kí ẹ tún pátákó alápótí yà látìbẹ̀rẹ̀.